Ọba Tí Kò Lè Jókòó

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Èmi alára, bí ẹlòmíì bá sọ irú ẹ̀ fún mi, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú kó tó máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo jọba ní Thomas Estate, lágbègbè Ajah, tí adé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé bàbá mi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Òṣèré ni mí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé níbo lẹ ti rí mi rí. Ẹ ti rí mi, ẹ̀yìn mi lẹ rí. Gbogbo àwọn gbajúmọ̀ tẹ́ ẹ máa ń wò nínú fíìmù, mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeré, àmọ́ iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni pé kí n dákẹ́. Ìlúmọ̀ọ́ká obìnrin kan ti sunkún lórí òkú mi rí létí òkun ní Ìkàtẹ. Omijé rẹ̀ ń kán sí mi nímú, imú ń yún mi bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ mira. Aláwàdà kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ gbá mi létí nínú eré, ó gbá a dénú. Nígbà tó wá ń bẹ̀ mí lẹ́yìn náà, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó gbá ìkejì. Mo ti ṣe ọlọ́dẹ, mo ti ṣe ẹni tó ń gbé pósí, mo ti ṣe ẹni tó wà nínú pósí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni mi ò tíì ṣe.

Nígbà tí Dáyọ̀, olùdarí eré kan, wá pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ kí n ṣe ọba, mo rò pé ó ṣi nọ́ńbà pè ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ni," ó ní. "Ikùn yín yẹn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, tọba ni. Ẹ máa sọ̀rọ̀ gan-an o. Tẹ́ ẹ bá ṣe tọ̀la dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa jọba títí dé apá kẹta. Tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, inú pósí lẹ ń padà sí yẹn."

Ìyàwó mi gbọ́, ariwo ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù wa ní Jákàńdè ti mọ̀ pé Kábíyèsí ń gbé láàárín wọn. "Olorì ni mí báyìí," ó ń sọ fún ìyá tó ń ta kẹrosíìnì nísàlẹ̀ ilé, "ẹ máa kúnlẹ̀ kí mi." Láàárọ̀, bí mo ṣe fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sáré tẹ̀lé mi.

"Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí o. Mo ti jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ilé ọ̀gá kan ni wọ́n yá lò fún eré náà. Pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀ bíi pápá, àga aláwọ̀ wúrà kan sì wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Ọ̀gá náà ti kìlọ̀ pé bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, òun ò fẹ́ bá ọba kankan nínú pálọ̀ òun. Àǹtí Kẹ́mi, tó ń wọṣọ fún àwa òṣèré, dì mí bí ẹ̀kọ inú ewé. Ó so iyùn mọ́ mi lọ́rùn, ó so ó mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbé adé lé mi lórí. Mo wo ara mi nínú dígí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ara mi.

Ẹnì kan ṣoṣo tí inú ẹ̀ ò dùn níbẹ̀ ni Múfú, tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀. Ikùn tiẹ̀ ju tèmi lọ, ó sì ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé òun ló yẹ kí wọ́n fi jọba.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "adé yẹn ò fún yín lórí báyìí?"

"Ó bá mi mu."

"Tó bá ti fẹ́ máa fún yín, ẹ ké sí mi o. Mo wà níta níbí."

Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí mọ́tò kan fi wọlé, tí àgbà òṣèré kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ojú wọn ṣì ń tì mí. Kí n ṣáà sọ pé kò sí ilé Yorùbá tó ní tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò ti mọ ojú yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí Bàbá bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n wa, bàbá tó bí mi á ní kí gbogbo wa jókòó dáadáa, ká ká ẹsẹ̀ kò, bí ẹni pé Bàbá ń rí wa láti inú ibẹ̀. Bàbá mi yìí kan náà, bí àgbàlagbà bá wọlé tó bá ọ lórí ìjókòó, kì í bá ọ sọ̀rọ̀. Pàṣán ló máa ń bá ọ sọ ọ́. Ó ti wọ̀ mí lẹ́gungun: bí àgbà bá ti yọ, ìdí mi á ti gbéra kí orí mi tó mọ̀.

Ta wá ni wọ́n ní kó ṣe ìjòyè tó rú òfin ìlú, tí yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọba, tí yóò máa tọrọ àforíjì? Bàbá ni. Ta ni ọba? Èmi náà ni.

"Ákíṣọ̀n!" Dáyọ̀ kígbe.

Bàbá wọlé. Ojú wọn pọ́n, eré ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Kábíyèsí o!" wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àyà wọn ò tíì kan ilẹ̀ tí mo fi fò kúrò lórí àga, tí mo di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú.

"Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Ẹ dìde, sà!"

"Kọ́ọ̀tì!" Kámẹ́rà dúró. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Dáyọ̀ wá bá mi, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lọba."

"Mo mọ̀."

"Ọba kì í pe ìjòyè ní sà."

"Mi ò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́."

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò dìde. Mo fọwọ́ méjèèjì di àga mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń mì. Ohun tó yẹ kí n wí ni, "Ìwọ arúfin yìí, kí lo ní í sọ?" Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ̀yin arúfin yìí, kí lẹ ní í sọ, ẹ jọ̀ọ́?" Bàbá alára rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ tí wọ́n nà sí.

Nígbà tí a tún un ṣe, mo ki ara mi láyà, mo pè wọ́n ní ìwọ. Ìwọ! Ọ̀rọ̀ náà dún nínú pálọ̀ bí ìgbà tí àwo bá fọ́. Mo rí ojú bàbá mi, mo rí pàṣán. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo ti dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ pé mo pè wọ́n ní ìwọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọba àti ìjòyè ṣe dojú kọra lórí táìsì, tí adé mi kan Bàbá níwájú orí.

Bàbá wò mí. "Ọmọ yìí, ta ló wá wà lórí àga báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Mo lè bá yín jókòó síbẹ̀ ná," ni Múfú wí láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí a dúró jẹun, Bàbá fúnra wọn wá jókòó tì mí. Wọ́n mú ẹja tó wà lórí ìrẹsì mi, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n sì jẹ ẹ́ torí tìrù.

"Inú ń bí ọ?" wọ́n bi mí.

"Rárá o, sà. Ẹ jẹ́ n bá yín bu omi wá."

Wọ́n mi orí. "Mo ní bóyá tí mo bá mú ọ bínú, wàá lè ṣọba. Wọ́n ti tọ́ ọ bàjẹ́."

Àǹtí Kẹ́mi ló wá mú ọgbọ́n tuntun wá. Ó mú ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, ó fi de ìbàdí mi mọ́ àga, ó fi agbádá bò ó. Ó ní kí n gbìyànjú àtidìde wò. Mi ò lè dìde. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò rò ni pé ìdí tí pàṣán ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lágbára ju àga lọ. Bàbá wọlé, Bàbá ní "Kábíyèsí o," Bàbá nà gbọọrọ, ìdí mi gbéra, àga sì bá a gbéra. Èmi àti ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lọ bá Bàbá nílẹ̀. Adé yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Yéè! Ìbàdí mi o!" Bàbá kígbe.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa àga kúrò, wọ́n gbé Bàbá jókòó nílẹ̀. Dáyọ̀ wo ojú fèrèsé, oòrùn ti ń lọ sílé, onílé sì ń bọ̀ lọ́nà.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Ẹ tú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Múfú, wá wọṣọ."

Ká ní ẹ rí Múfú! Kí wọ́n tó pe orúkọ ẹ̀ tán, ó ti kó sábẹ́ tábìlì, ó ti fa adé yọ, ó ti fẹ́ eruku ẹ̀ nù, ó ti gbé e karí. Mo ronú kan ìyàwó mi àti ìyá oníkẹrosíìnì. Mo ronú kan àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ronú kan pósí.

"Ẹ dúró ná," ni Bàbá wí. Wọ́n ṣì wà nílẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti ìbàdí. Wọ́n fọwọ́ pè mí. Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀, àbí kí ni kí n tún ṣe?

"Ta lò ń dìde fún láti àárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Èmi tí mò ń nù táìsì nílẹ̀ láti àárọ̀? Gbogbo ìgbà tí o bá dìde, ni èmi tún ń padà wá dọ̀bálẹ̀. Ṣé ọ̀wọ̀ lo pe ìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Bàbá ẹ ò kọ́ ọ pé tí àgbà bá rán ọ níṣẹ́, kí o jẹ́ ẹ?"

"Wọ́n kọ́ mi, sà."

"Ó dáa. Mo rán ọ níṣẹ́. Lọ jókòó sórí àga yẹn. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, jókòó. Bí mo bá sunkún, jókòó. O ò gbọdọ̀ dìde àfi tí mo bá ní kí o dìde. Tí o bá fi lè dìde, o ti rí mi fín nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi báyẹn rí. Bàbá kọjú sí Múfú. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣí adé."

"Bàbá, ó ti ń mọ́ mi lára o."

"Ṣí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó. Àṣẹ àgbà ni mo jókòó lé, kì í ṣe àga. Bàbá wọlé, wọ́n tiro díẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú, àmọ́ ìdí mi ò kúrò lójú kan. Mo ní, "Ìwọ arúfin yìí, kí lo ní í sọ?" Ohùn mi sì ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Nígbà tí Dáyọ̀ ké "Kọ́ọ̀tì!", ó di mọ́ mi. Ó ní bí ọba tó ń dájọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, Múfú náà pa tiẹ̀, àmọ́ kò dún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Wọ́n gbé iná jáde. Mo ṣì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti parí o," ni Dáyọ̀ wí.

"Bàbá ò tíì ní kí n dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Bàbá wà nínú mọ́tò, Àǹtí Kẹ́mi ń fi omi gbígbóná jó wọn níbàdí."

"Ẹ lọ bá mi bi wọ́n."

Ibẹ̀ ni onílé wọlé tó bá mi, èmi nìkan ṣoṣo, tadé-tadé, nínú pálọ̀ rẹ̀. Àgbà ni, irun orí ẹ̀ funfun báláú. Ìdí mi fẹ́ gbéra, mo fún un mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," mo ní. "Àgbà kan ló ní mi ò gbọdọ̀ dìde."

"Nínú ilé mi?"

Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ láti ìta. "Ẹ sọ fún un kó dìde o, kó má lọ sun ibẹ̀!"

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ìgbà mìíì, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ló ń bọ̀wọ̀ fún àgbà jù, pàápàá tí àgbà bá fẹ́ parí iṣẹ́ ẹ̀ kó relé. Ó pẹ́ kó tó yé mi ni, ìbàdí onítọ̀hún ti lọ sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Jákàńdè, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ sì ń bojú wẹ̀yìn wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dáyọ̀ tún pè. Ó ní ìbàdí Bàbá ti le gbagidi, wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ṣì pọ̀ nínú eré. Torí náà, àwọn ti yí ìtàn padà: ará ìlú máa rọ ọba lóyè, wọ́n á fi ìjòyè jọba dípò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣì wà títí dé apá kẹta, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ tiẹ̀ ti pọ̀ sí i."

"Kí ni wọ́n wí?" ìyàwó mi bi mí.

"Wọ́n ti rọ̀ mí lóyè."

"Oyè tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ lánàá?"

Mo gba Thomas Estate lọ. Bàbá ti wà lórí àga, wọ́n dé adé, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, wọ́n ń yọ́ mi wò. Mo wọlé, mo rí wọn, mo sì ti nà gbọọrọ lórí táìsì kí n tó mí. Ó tù mí lára! Mo ń retí kí Dáyọ̀ yìn mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. A ò tíì tan kámẹ́rà."