Adìẹ Funfun Lórí Tábìlì Àlejò Pàtàkì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á lásán ni. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwé àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, ẹ bá mi kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ fún un pé irọ́ ló pa. Inú ọgbà ilé ìwé girama kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí pé ọ̀gá ilé ìwé ọ̀hún ṣì wà láyé, ó sì mọ ilé mi.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tinúọlá Àbẹ̀kẹ́ Gbádégẹṣin. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ sì ti funfun báláú. Ó kọ ìwé ìtàn kan, ó pè é ní Kànga Àdùbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi fún yín: mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹni tó bá lè jókòó ti tábìlì fún ọdún mẹ́rin, tí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀, tó sì kọ ìtàn dé òpin, ó yẹ ní yíyẹ́ sí.

Ìwé náà rìn díẹ̀. Kò rìn dé òkè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé ìwé mélòó kan sì ń kà á. Òkìkí rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá dárúkọ rẹ̀ láàárín ogún èèyàn, ẹnì kan á ní òun ti gbọ́ ọ rí, á wá máa ronú ibi tí òun ti gbọ́ ọ.

Irú òkìkí bẹ́ẹ̀ máa ń fìyà jẹ èèyàn ni. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́ rárá, wàá sùn. Bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́, wàá sùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bó o bá wà láàárín méjèèjì, etí rẹ kò ní sinmi. Tinúọlá a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé lẹ́bàá ọ̀nà, á béèrè Kànga Àdùbí bí ẹni tí kò rí i rí, á wá fọgbọ́n gbé e lé orí àwọn ìwé yòókù kó tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní báńkì rí orúkọ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ó ní ṣé ìyá ni wọ́n kọ Kànga Àdùbí. Oṣù méjì gbáko ni Tinúọlá fi ń jẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì bá ìwé náà lábẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì, níbi tí wọ́n tì í sí kí fíríìjì má baà máa mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìwé náà wúlò gan-an ni.

Látọjọ́ náà ni kò ti lè kọ̀wé mọ́. Ó ti kọ ìwé kejì dé ìdajì, ó pa á tì. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnì kan tí kò mọ̀ pé òun lòun kọ ìwé àkọ́kọ́ sọ òótọ́ inú rẹ̀ nípa rẹ̀ fún òun. Bí onítọ̀hún bá ní ó dára, á lọ parí èkejì. Bó bá ní kò dára, á kó gbogbo bébà náà dànù, á lọ máa gbin ewébẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí lẹ́tà fi dé láti ilé ìwé tí mo wí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti ka Kànga Àdùbí tán, kí òǹkọ̀wé jọ̀ọ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gbẹ́ni T. A. Gbádégẹṣin ni wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí pé T àti A nìkan ló wà níwájú orúkọ bàbá rẹ̀ lára ìwé náà. Tinúọlá rí i pé wọ́n pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni, ó rẹ́rìn-ín, kò sì tún un ṣe. Ẹ rí i, ìyẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí wọ́n mọ òun, ojú sì ń tì í láti sọ pé òun nìyí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọlọ́kadà já a sí, lẹ́bàá ilé ìdáná. Ìró àti bùbá àǹkárá ló wọ̀, ó fi ìborí kékeré borí, irun funfun sì yọ níwájú. Alásè ilé ìwé náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Wúrà, nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹta níbẹ̀. Ó ti ń retí àgbàlagbà obìnrin kan láti abúlé kejì tí yóò wá bá a pa adìẹ àlejò. Bó ṣe rí onírun funfun tó ń bọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ o, ìyá, ọ̀bẹ wà lórí odó.

Ẹ gbọ́, ta ni wọ́n kọ́ nílé tó gbẹ̀kọ́, tí á bá obìnrin bíi tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí á ká ọwọ́ gbera? Tinúọlá gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó ká apá bùbá. Ó fẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rí aṣọ gbàràmù tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí wọ́n fi kọ́ síwájú ọgbà, ó sì rò ó pé àyè tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló yọ yìí. Ó béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan pé ta ni wọ́n ń retí.

Ìyá Wúrà ní òǹkọ̀wé kan ni. Ó ní òun kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n Wúrà ka gbogbo rẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yìí gan-an, ìkòkò ẹ̀wà kan sì ti jóná nítorí rẹ̀. Tinúọlá sún mọ́ ọn. Ó rọra béèrè bóyá ìtàn náà dùn. Ìyá Wúrà ní ó dùn títí dé ibi tó parí sí, pé ibi tó parí sí yẹn ni òun máa bá ọkùnrin náà jà lé lórí lónìí, bó bá jẹun tán.

Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: nínú ìwé náà, wọ́n lé Àdùbí kúrò ní àdúgbò rẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tó dàgbà, ó padà wá gbẹ́ kànga fún àwọn tó lé e. Ó fa korobá omi àkọ́kọ́ sókè, ó gbé e kalẹ̀ fún wọn, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìtọ́ ọ wò.

"Kí ló ṣe é tí kò mu omi?" ni Ìyá Wúrà wí. "Èèyàn á gbẹ́ kànga, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á wá kọjá lọ? Ọkùnrin yẹn kò gbẹ́ kànga rí láyé rẹ̀."

"Kò yẹ kó mu ún," ni Tinúọlá wí.

"Ó yẹ kó mu ún."

"Bó bá mu ún, ìtàn bàjẹ́ nìyẹn."

Ìyá Wúrà yọ ọwọ́ kúrò nínú ata. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?"

Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin yìí ní, "Èmi kẹ̀? Rárá o." Ó sì tẹrí ba sórí adìẹ.

Adìẹ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Wọ́n ti pa àwọn pupa méjì. Ìkẹta funfun, àgbà adìẹ ni, ó ti yé ẹyin tí kò níye, gbogbo ilé ìwé ló sì mọ̀ ọ́n. Bí Tinúọlá ti ń tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì ń ronú irọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, adìẹ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi eré sí i.

Kí n tó sọ ibi tó sá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níwájú ilé ìwé. Ọ̀gá Láwuyì, tó jẹ́ olórí ilé ìwé náà, ti gbé àga ńlá kan síta fún òǹkọ̀wé, ó fi léèsì bo tábìlì iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí tí Olóyè Ọ̀jẹ́tọ́lá fi wọlé dé pẹ̀lú agbádá, jígí ojú àti fáìlì lábẹ́ abíyá. Olóyè wá tọrọ àyè fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá sáré pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní àwọn ti ń retí wọn láti àárọ̀. Olóyè yìí kò kọ àga rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó ní, "Mo ti dé náà nìyẹn." Nígbà tó fi máa rí orúkọ tó wà lára aṣọ gbàràmù náà, ohun mímu tútù ti wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá àtúnṣe.

Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ lórí ìwé rẹ̀. Ó ní ìwé òun ń kọ́ ọmọdé láti gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, pé àìgbọràn ló jẹ́ kí Àdùbí já sínú kànga. Àwọn ọmọ wojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó já sínú kànga nínú ìwé náà. Tíṣà tó kọ́ wọn tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń rò ó bóyá ojú ìwé kan ti já kúrò nínú tòun.

Àsìkò yìí ni adìẹ funfun wọ àárín ọgbà. Ó gba abẹ́ àga àwọn tíṣà kọjá, ó fò, ó bà sórí tábìlì àlejò pàtàkì, ó dúró lórí léèsì, ó sì ń wo Olóyè. Tinúọlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìborí ti já bọ́ lọ́nà, ìyẹ́ adìẹ ti lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ti ń sún sẹ́yìn. Ọ̀gá Láwuyì fọwọ́ lérí, ó ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé adìẹ yín kúrò níwájú òǹkọ̀wé. Tinúọlá sì kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀. Mo ní ó kúnlẹ̀. Ó há adìẹ mọ́ abíyá, ó yí padà, ó ń lọ.

Wúrà, ọmọ alásè, ló wá nàró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí Àdùbí fi lọ láìmu omi kànga tó gbẹ́?"

Olóyè mu díẹ̀ nínú ohun mímu rẹ̀. "Omi náà dọ̀tí ni."

Tinúọlá dúró. Ó ti gbà kí wọ́n fi ìwé òun gbé fíríìjì. Ó ti gbà kí wọ́n pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni, ó sì ti gbà kí ẹlòmíràn jókòó sórí àga òun. Èyí kò ṣeé gbà.

"Omi náà kò dọ̀tí," ló wí, ohùn tíṣà rẹ̀ àtijọ́ sì jáde. "Omi náà mọ́ gaara. Kò mu ún nítorí pé bó bá jókòó mu ún, á dúró máa wò bóyá ẹnì kan máa dúpẹ́. Bí kò bá sì sẹ́ni tó dúpẹ́, omi náà á korò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, omi wà níbẹ̀, ó tó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́."

Bó ti sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà bà á fúnra rẹ̀. Ìdí kànga ni òun náà jókòó sí láti ọjọ́ yìí, tó ń wo ẹnu àwọn èèyàn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún, nítorí adìẹ àti ọ̀bẹ.

Ọ̀gá Láwuyì ti fẹ́ ní kí wọ́n fà á jáde, ṣùgbọ́n Ìyá Wúrà ti dé pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́.

"Òun ni, sà," ló wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń bá mi jà lórí omi yẹn. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá pa adìẹ kò ní jà báyẹn lórí ìwé oníwèé."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Olóyè. Olóyè dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó mú fáìlì rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá àsìkò yìí dára láti sọ̀rọ̀ àyè ọmọ ọmọ òun.

Ọ̀gá Láwuyì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Tinúọlá, ká ní ìkòkò oúnjẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni, ì bá ki orí bọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó wá jókòó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bá Ìyá Wúrà pa èyí tó kù tán. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ó bá jókòó sétí àga náà pẹ̀lú adìẹ lórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ lóhùn. Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ti Àdùbí, ẹ ó rò pé àdúgbò kan náà ni wọ́n gbé. Agogo oúnjẹ lù, kò sí ọmọ kan tó dìde. Nígbà tó yá, Wúrà ní ìyá òun ò tíì gbà, ṣùgbọ́n òun gbà, pé ìwé náà dára gan-an.

Tinúọlá ní, "Ṣé lóòótọ́?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó dáhùn ìbéèrè kan sí i, ó ní kí wọ́n má bínú, ṣé gbogbo rẹ̀ ló dára, àbí apá kan. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀. Ó ní títí kan orí kẹta? Wọ́n ní títí kan orí kẹta. Ó wo tíṣà wọn, ó ní ṣé kì í ṣe pé tíṣà yín ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Wúrà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wo orí funfun àti ìyẹ́ funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo adìẹ lórí itan, tí wọ́n gbé jókòó nídìí tábìlì oníléèsì, tó ń jà fitafita láti sọ̀ kalẹ̀ lọ tan eruku. Ó na orógùn sí wọn.

"Ẹ wá wò ó," ló wí. "Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n gbé wọn sórí àga, orí wọn funfun tó báyìí, wọ́n ṣì ń béèrè bóyá àwọn tó nǹkan. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà."

Ẹ̀rín ta ní gbogbo ọgbà. Tinúọlá alára rẹ́rìn-ín títí adìẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lépa rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú bébà ìwé kejì jáde, ó kọ ọ́ tán kí ọdún tó parí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, Tinúọlá Àbẹ̀kẹ́ Gbádégẹṣin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló fi ránṣẹ́ sí ilé ìdáná yẹn, pẹ̀lú ìwé pélébé kan nínú rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dára?"

Ìyá Wúrà ní kí Wúrà bá òun kọ èsì. Kò ní kó kọ púpọ̀. Ó ní kó kọ ọ́ pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.