Ẹsẹ̀ Lásán Nídìí Ilé Oyin

Ọjọ́ tí oyin lé mi láti ẹ̀yìnkùlé dé títì ní Ìgàndò, bí mo ṣe darúgbó tó yìí, n ò tíì rí i gbàgbé.

Àjàní ọkọ mi ló ń sin oyin, àpótí mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin ń kó mẹ́sẹ̀ wálé ló máa ń gbà lọ́wọ́ wọn. Á gbé pákó oníhò wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn; bí wọ́n bá ṣe ń fún ara wọn wọlé, lẹ́búlẹ́bú á já sínú tírè. A máa ń bù ú sógì mu. Nígbà tí Àjàní kú, Jímọ̀ àbúrò rẹ̀ ní òun ó kó àpótí náà dànù.

"Ìyá Fúnmi, ta ló fẹ́ máa tọ́jú wọn? Ẹ̀yin?"

"Èmi ni, ọkọ mi. Ẹ wá ní Sátidé, ẹ ó bá lẹ́búlẹ́bú nínú ìgò, ní mímọ́."

"Tí n ò bá bá a ńkọ́?"

"Ẹ máa kó wọn lọ."

Ẹnu mi rèé! N ò dé ìdí àpótí yẹn rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú aṣọ oyin Àjàní. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀; n ò lè wọ̀ ọ́. Mo ní aṣọ funfun ṣáà ni wọ́n ń wọ̀ sóyin. Mo wọ sùtánà àdúrà tí mò ń wọ̀ lọ sí ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, mo fi nẹ́ẹ̀tì borí. Mo nawọ́ sí bàtà òjò, ọkàn mi ní háà, ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà? Ẹsẹ̀ lásán ni mo gbé lọ. Ọlọ́run ni mo bọ̀wọ̀ fún. Oyin ò mọ̀.

Mo fa tírè yọ, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ayọ̀ mú mi, mo jó díẹ̀, mo bá tẹ oyin kan mọ́lẹ̀. Ó ta mí látẹ́lẹsẹ̀. Ìkejì ta mí ní kókósẹ̀. Àwọn yòókù gba abẹ́ sùtánà gòkè. Ibi tí wọ́n dé, ẹ má bi mí jàre.

Mo sá jáde sí títì, mò ń fò, mò ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n n ò ju tírè sílẹ̀. Mọ́níkà aránṣọ pariwo:

"Yéè! Màámi ti wà nínú ẹ̀mí!" Ó kúnlẹ̀. "Màámi, kí lẹ̀ ń rí?"

"Ẹ wọlé! Ẹ tilẹ̀kùn!"

"Àmín!" ni Láṣisì tó ń lẹ táyà dáhùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó dìde, àfìgbà tí ìran náà ta Láṣisì létí.

Mo fi ẹsẹ̀ tó wú bí iṣu sínú omi tútù, mo sá lẹ́búlẹ́bú mi síbòji. Ọjọ́ kejì mo fẹ́ ẹ, mo ṣa ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ oyin kúrò níkọ̀ọ̀kan, ojú mi ń ṣomi. Kì í ṣe oró oyin nìkan.

Jímọ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé ní Sátidé. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá Fúnmi, ẹ ò wá rí i pé…"

Mo ti lẹ́búlẹ́bú ṣíbí kan sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó lá ṣíbí náà.

"Bí ti Bọ̀dá mi ló rí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Òfìfo lọkọ̀ padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé Ọlọ́run ò bá bàtà òjò jà nídìí oyin. Aṣọ Àjàní gan-an ni mo ń wọ̀ báyìí, òórùn tèmi ti wọ inú tirẹ̀. Mọ́níkà ṣì ń bi mí bóyá ìran mìíràn ti dé, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Àpótí mẹ́ta náà ò kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ẹni tó bá ní kí n gbé wọn kúrò, kó bọ́ bàtà, kó wá gbé wọn fúnra rẹ̀.