Ọwọ́ Òsì Habeeb

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi ò já lu ìjàpá, kò já lu erin. Ọwọ́ òsì Habeeb ló já lù, ọmọ-ọmọ Alhaja Asiata tó ń gbé lẹ́bàá rélùwéè Ọ̀fà."

Dúrótìmí, kóòṣì besibọ́ọ̀lù, ti Ìlọrin dé láti yẹ Habeeb wò, bóyá ó tó mú lọ sí kámpù. Àtìdájí ni Habeeb ti wọ bàtà dè é.

"Alhaja, ẹ káàsán mà. Lánàá tí mo ń kọjá níbí ni mo rí i tó fi òkò kan ṣoṣo já máńgòrò lókè téńté. Apá ọmọ yẹn á gbé e dókè òkun!"

"Máńgòrò ta ni?"

"Ẹ fi máńgòrò sílẹ̀, mà. Apá rẹ̀ ni mò ń wí."

"Apá ẹnikẹ́ni ò ká a nílé yìí. Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nídìí eré yín?"

"Habeeb á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan á fẹ́ fi igi gbá a. Tó bá gbá òfo, sitiráìkì nìyẹn. Sitiráìkì mẹ́ta, onítọ̀hún ti jáde."

"Irọ́ o! Sitiráìkì kan péré ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yunifásítì, kò tíì jáde dòní!"

Kóòṣì gbé agolo mílíìkì lé orí odi, ó na bọ́ọ̀lù sí Habeeb. Ọmọ wo ojú ìyá àgbà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó jù ú. Ó di inú ìkòkò omi. Ó tún jù ú. Adìẹ ló ké. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í di àpò rẹ̀. Omijé lé ròrò lójú Habeeb.

"Kóòṣì, ẹ ti ń lọ ni?"

"Èyí kọ́ ni mo rí lánàá, mà. Òsì ni mo wá wá."

"Òṣì kẹ̀? Nílé mi? Abájọ tí wọ́n fi ń pè yín ní Kó-òṣì!"

"Ọwọ́ òsì, mà! Ọlọ́wọ́ òsì ló ń tètè di olówó nínú eré wa. Kí ló dé tó ń lo ọ̀tún?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ! Ta ní í fi òsì ṣe nǹkan lójú àgbà?"

Alhaja wo omijé ọmọ náà. Ó fa ìborùn bojú, ó kọjú sí ògiri.

"Habeeb, n ò rí ẹ o. Èyí tí àgbà ò bá rí, kì í ṣe àfojúdi."

Gbàù! Agolo fò kọjá rélùwéè.

"Alhaja, ẹ yíjú padà! Ó yege!"

"Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n tó bá dé kámpù, kó kọ́kọ́ fi ọ̀tún kí wọn, kó tó máa fi òsì sọ wọ́n lókò."

"Ibẹ̀ ni mo bá wọn dé. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi parí, ẹ lọ sùn. Ẹni tó fi máńgòrò mi pamọ́ sábẹ́ ẹní, kó mú un wá kí n tó pa iná. Ọwọ́ ọ̀tún o!"