Bàálù Ẹnjiníà Otokiti

Ẹ bá mi kí Olúṣínà, ará Otokiti ní Lokoja, Ẹnjiníà tí kò tún ẹ̀rọ omi kan ṣe rí láyé. Fáìlì ló ń gbé láti tábìlì kan dé òmíràn ní ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní Mísítà kí ẹ wo ìjà. Àwòdì Otokiti Tí Kì Í Bà Sílẹ̀. Ọ̀gá Tó Gbóná Ju Oòrùn Lokoja Lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Dùnsìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní kíláàsì kẹrin. Olùkọ́ wọn, Àǹtí Àdìjátù, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bàálù oníwèé, kí wọ́n wá jù ú níwájú àwọn òbí. Ẹni tí tiẹ̀ bá fò kọjá okùn tí wọ́n ta sáàárín pápá ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀. Ó wu Dùnsìn débi pé oorun ò kùn ún mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń ká ìwé, tó ń jù ú nínú pálọ̀, tó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ká.

Bàbá rẹ̀ rí i. "Ìwé? Ọmọ Ẹnjiníà á gbé ìwé lọ? Kí wọ́n lè ní mi ò rówó ra pákó?"

Ó gba bàálù lọ́wọ́ ọmọ, ó fi nu bàtà. Ó wá gbéṣẹ́ fún káfíńtà kan ní àdúgbò Karaworo: pákó, ìṣó, ọ̀dà búlúù, orúkọ Ẹnjiníà gàdàgbà lára ìyẹ́ méjèèjì.

"Dádì, ṣé á fò?"

"Á fò kẹ̀. Ṣé kò mọ ẹni tó ni òun ni?"

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ fẹ́ ju bàálù nílé ìwé, Ẹnjiníà wọ súùtù nínú ooru tó lè yọ òróró lára ewúrẹ́, ó dé fìlà àwọn awabàálù. Géńdé méjì ló gbé bàálù tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ yòókù ti jù tiwọn, kò sí èyí tó kọjá okùn.

"Ta ló ṣe èyí, sà?" Àǹtí Àdìjátù bèèrè.

"Ọmọ mi ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é."

"Ó dáa. Dùnsìn, gbé e wá."

Dùnsìn fà á, ó tì í. Bàálù ò mira. Àwọn òbí fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọmọ mi kì í gbẹ́rù," Ẹnjiníà ní. "Ẹ yẹra. Èmi tí mo san... èmi bàbá rẹ̀ ni màá jù ú."

Ó gun pèpéle, ó gbé bàálù lé èjìká, ó sáré, ó jù ú. Àṣé ìṣó kan ti há sí súùtù rẹ̀ lápá. Bàálù lọ, Ẹnjiníà bá a lọ, ó di inú gọ́tà iwájú pèpéle, gbì. Ẹnì kan látẹ̀yìn fi Hausa kí i káàbọ̀ láti ìrìn àjò: "Páílọ́ọ̀tì, sannu da zuwa."

Àǹtí yíjú sí ọmọ. "Dùnsìn, tìẹ ńkọ́?"

"Dádì ti fi nu bàtà, mà."

Ẹ̀rín sọ. Àǹtí fún un ní ìwé kan. Ọmọ náà ká a, ó tún ìyẹ́ rẹ̀ ká, ó jù ú. Ìwé gbéra, ó gba orí gọ́tà, ó fo okùn, ó rọra balẹ̀ lódìkejì. Èmi pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ẹnjiníà yọrí, ẹrẹ̀ ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. "Ọmọ mi nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ ránṣẹ́, ẹ kọ tèmi ṣáájú. Ẹnjiníà, Olóyè..."

Àǹtí Àdìjátù ti ń kọ orúkọ Dùnsìn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ má bínú, sà. Bàálù yín ò fò, orúkọ yín la máa fò."