Òkú Gíga Tó Tọrọ Guguru Lẹ́nu Ọ̀nà Rẹ̀mílẹ́kún

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Òkè-Àgbọn lọ́kùnrin, lóbìnrin! Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jáde! Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, ẹ dúró! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé e mì! Ẹni tó ń sùn, kí ìyàwó rẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀! Agogo ààfin ló ń dún yìí, kì í ṣe ti oní-áísìkiriìmù!

Alágbọn, ọba Òkè-Àgbọn, ń kí yín. Ó ní àṣẹ tuntun ti jáde. Àṣẹ náà le! Àṣẹ náà wúwo! Àwọn ìjòyè jókòó lé e lórí títí oúnjẹ ọ̀sán wọn fi tutù.

Àṣẹ kìn-ín-ní! Òkú gíga tó rìn ní Ìta-Ògbó lọ́jọ́ Hálówíìnì, òkú lásán ni! Kì í ṣe Kábíyèsí! Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kì í ṣe Kábíyèsí! Ẹni tó bá ní òkú náà jọ Kábíyèsí yóò jókòó síwájú ààfin, yóò sì jẹ odindi agbọ̀n guguru tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ṣúgà, láìmu omi!

Ẹ wò ó, àwọn kan ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Kábíyèsí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé etí yín lóríṣiríṣi, oníkálukú sì ń bù mọ́ ọn. Nítorí náà ló ṣe ní kí akéde sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ mọ̀. Ẹ tẹ́tí.

Ẹ mọ Rẹ̀mílẹ́kún, opó Oyèníran, tó ń dín ìpékeré ní Ìta-Ògbó, nísàlẹ̀ òkè ààfin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abídèmí, ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí oṣù Ọ̀wàrà ṣe ń parí lọ, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro pé Hálówíìnì ti dé, àwọn ò sì ní ibi tí àwọn yóò ti ṣe é. Rẹ̀mílẹ́kún béèrè ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Abídèmí ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọdé á múra bí òkú, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á ní kí onílé mú nǹkan dídùn wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á dá ìjọ̀ngbọ̀n sílẹ̀.

"Ṣé egúngún tiwọn nìyẹn ni?" Rẹ̀mílẹ́kún béèrè.

"Kì í ṣe egúngún, Màmá. Eré ọmọdé ni."

"Òkú ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ alààyè, o ní eré ni. Ó dáa. Kí ni wọ́n máa ń fún àwọn òkú ọ̀hún?"

Abídèmí ní ìpápánu kan wà tí wọ́n máa ń po pọ̀, tó ń dùn bíi ṣúgà, tí iyọ̀ rẹ̀ sì tún ń ta lẹ́nu. Rẹ̀mílẹ́kún wò ó títí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, iyọ̀ àti ṣúgà dà bí ìyàwó àti ìyá ọkọ. Wọ́n lè máa gbé inú ilé kan náà, wọn kì í jókòó sórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá àgbà ò lè ṣe nítorí ọmọ-ọmọ?

Ó kó ìkòkò kalẹ̀. Ó yan guguru, ó ń ta pá-pà-pá nínú ìkòkò bí ẹni pé òjò yìnyín ń rọ̀ sórí páànù. Ó yan ẹ̀pà, ó fẹ́ ẹ títí èèpo rẹ̀ fi fò lọ. Ó dín ìpékeré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó dín ṣínṣín, ó ṣẹ́ kókóró sí kéékèèké, ó fọ́ gúrúdì alágbọn sí wẹ́wẹ́. Ó bu díẹ̀ nínú guguru àti ẹ̀pà náà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó kò dá a lójú. Ó wá yọ́ ṣúgà pọ̀ mọ́ bọ́tà lórí iná títí tó fi pọ́n bí oyin, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó dà á lé gbogbo ẹrù náà lórí nínú agbada, ó sì fi orógùn rò ó pọ̀.

Nígbà tó tutù, ó mú díẹ̀ tọ́ wò. Ó tún mú òmíràn. Ó jókòó.

"Abídèmí," ó ní, "láti ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń jẹ èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Òórùn rẹ̀ gba Ìta-Ògbó kan. Ó gun òkè. Ó wọ ààfin!

Nínú ààfin, Alágbọn jókòó níwájú àwo ẹ̀fọ́ tí kò ní iyọ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àtọ̀gbẹ náà sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sẹ́nu. Kò gbọdọ̀ fi ṣúgà sẹ́nu. Olorì Ìbíwùmí ti ti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí. Ọba tí ìlú mẹ́fà ń dọ̀bálẹ̀ fún, kò lè gba hóró ṣúgà kan lọ́wọ́ aya rẹ̀. Ìyẹn ni pé Kábíyèsí wà nílé. Ẹ fi sọ́kàn. Kábíyèsí wà nílé!

Ó kàn jẹ́ pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan sọnù láàfin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ló gbé e. Àwọn ìjòyè ti búra pé afẹ́fẹ́ fẹ́.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà Rẹ̀mílẹ́kún. Àwọn kan da aṣọ bo orí, àwọn kan fi ìyẹ̀fun pa ojú. Wọ́n ń pariwo, "Ẹ fún wa ní dídùn, àbí ẹ fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n!" Rẹ̀mílẹ́kún ń rẹ́rìn-ín, ó ń ká bébà bí ìwo, ó ń bu ìpápánu sí i fún wọn. Gbogbo ará àdúgbò jáde wá wòran.

Ìgbà tí àwọn ọmọ gbà tán, ó ku òkú kan. Òkú náà ga. Aṣọ rẹ̀ kò dé ilẹ̀, bàtà tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì yọ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, wọn ò mọ ìdí tí wọ́n fi yà. Baba Káfíńtà tó dúró lódìkejì títì dédé bá ara rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Òkú náà na ọwọ́. Iyùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dún wooro.

Rẹ̀mílẹ́kún wo bàtà náà, ó wo iyùn náà. Ta ló fẹ́ sọ fún ọba pé rárá? Gbogbo ìlú ló sì ti gbọ́ ohun tí dókítà kà léèwọ̀ fún un. Bó bá sì bù ú fún un, tí nǹkan ṣe é, ojú wo ni yóò fi wo ìlú? Ó rántí Oyèníran ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa òun náà. Ó kìlọ̀ fún un títí ẹnu fi bó o, ẹ̀rín ni ọkùnrin náà ń fi í rín.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agbada, kò mọ̀ bóyá kí òun bù ú tàbí kí òun má bù ú. Àfi bí nǹkan kan ṣe sọ sí i lọ́kàn. Ta ló ní ọba ló dúró níwájú òun? Òkú ni. A kì í sọ pé a mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Kò sì sí òfin kankan tó ní kí èèyàn máa fi ọ̀wọ̀ bá òkú àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀.

Ó yọ ọwọ́ nínú agbada.

"Ìwọ òkú yìí," ó ní, "níbo lo ti wá?"

Ìlú mí kanlẹ̀. Ìwọ! Ó pè é ní ìwọ!

"Ọ̀run," òkú náà dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló pa ọ́?"

Òkú náà yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì lábẹ́ aṣọ.

"Iyọ̀ ni, àbí ṣúgà?"

Òkú náà tẹrí ba. "Díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì," ó ní.

Ẹnì kan wúkọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Rẹ̀mílẹ́kún kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú ọmọrí, ó dé e lé agbada náà.

"Mo ní ẹnì kan lọ́hùn-ún tí irú rẹ̀ pa," ó ní. "Oyèníran lorúkọ rẹ̀. Bí o bá padà, bá mi wá a lọ. Inú fìlà ló máa ń fi iyọ̀ pamọ́ sí. Á wọ́n ọn sọ́bẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á ní ohun tí yóò pa èèyàn kì í dùn báyìí. Sọ fún un pé ó dùn, ó sì pa á. Sọ fún un pé èmi tó fi sílẹ̀, odindi ọdún kan ni n kò fi mọ adùn ohunkóhun lẹ́nu." Ó fi etí ìró nu ojú. "Àwọn tí a ti sin nílùú yìí ti tó. Padà sílé, òkú. Lọ jẹ ẹ̀fọ́ rẹ."

Láti ọjọ́ tí òkú náà ti gorí ìtẹ́, ìyẹn láti ọjọ́ tó ti kú, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Kò bínú. Kò sì lọ.

"Ìyá," ó ní, bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nídìí àwo, "ṣé ó tilẹ̀ dùn?"

"Ó dùn kọjá àlà," Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "N kò ní purọ́ fún òkú."

Òkú náà bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń mì tìtì. Gbogbo àdúgbò bá a rẹ́rìn-ín, Rẹ̀mílẹ́kún náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Ó fa àpótí fún un, ó wá gbé guguru àti ẹ̀pà tó bù sọ́tọ̀ wá, èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà kò kàn. Òkú náà ń jẹ ẹ́ lábẹ́ aṣọ.

"Ó dà bí òwú," ó ní.

"Òwú kì í pa èèyàn."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Olorì Ìbíwùmí fi dé, tó ń mí gúle-gúle.

"Ìyá Abídèmí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Kábíyèsí gba ibí?"

Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀. "Olorì, òkú nìkan ni mo rí lónìí."

Olorì wo òkú. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ohun tó ń jẹ, ó mú hóró kan sẹ́nu, ó ń retí kí iyọ̀ ta á lẹ́nu. Iyọ̀ kò ta á. Ó tún mú ìkejì, bákan náà. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó ti òkú náà lórí àpótí kan ṣoṣo yẹn.

"Òkú yìí gbọ́n ju ọkọ mi lọ," ó ní.

Ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n jọ gun òkè lọ. Olorì bá a ká etí aṣọ náà sókè kó má bàa fi ẹsẹ̀ kọ.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ mọ̀ nìyẹn! Ó yá, ẹ gbọ́ àṣẹ yòókù!

Àṣẹ kejì! Láti ọdún tó ń bọ̀, gbogbo òkú tó bá fẹ́ gba ìpápánu gbọ́dọ̀ ká aṣọ sókè dé ìgbọ̀nwọ́! Òkú tí wọ́n bá bá iyùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀pà lásán ni kí wọ́n fún un!

Àṣẹ kẹta! Ìdọ̀bálẹ̀ Baba Káfíńtà kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀! Ó yọ̀ ṣubú ni! Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yọ̀! Ẹni tó bá jiyàn, òun náà yóò wá yọ̀ ṣubú níwájú àwọn ìjòyè láàárọ̀ lálẹ́, títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀!

Àṣẹ kẹrin! Iyọ̀ àti ṣúgà ti di tọkọtaya ní Òkè-Àgbọn! Ẹni tára rẹ̀ bá le, kó máa jẹ wọ́n pọ̀! Ẹni tí dókítà bá ní kó má jẹ wọ́n, kó kí wọn lókèèrè, kó máa bá tirẹ̀ lọ!

Àṣẹ karùn-ún! Àwọn ìjòyè ní kí Rẹ̀mílẹ́kún wá jẹ́jọ́, nítorí ó pe ẹnì kan ní ìwọ. Kábíyèsí bi wọ́n léèrè pé ta ló pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n ní òkú ni. Ó ní ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pe òkú ní ìwọ? Nítorí náà, Rẹ̀mílẹ́kún lọ lómìnira! Láti òní lọ, òun ni yóò máa tọ́ ọbẹ̀ ààfin wò kó tó dé iwájú ọba. Bó bá bá iyọ̀ níbẹ̀, kó da ọbẹ̀ náà nù, kó sì bá oníjẹun wí bó ṣe bá òkú wí!

Àṣẹ kẹfà, tí Kábíyèsí fúnra rẹ̀ fi kún un nígbà tí àwọn ìjòyè ti lọ! Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ jókòó sílé! Kí gbogbo yín lọ sílé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ ó bá ẹnì kan tó ti jókòó síwájú pátápátá, tó ti ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Kò ní da nǹkan kan bojú. Ẹ kí i. Ẹ má bi í ní ohun tó bá wá. Ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rán akéde yín ló ṣe jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó gbé e lọ fún ará oko. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣe àmín rẹ̀ sókè o, nítorí lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àdúrà ẹnu lásán.