Ọjọ́ Tí Mo Pe Àna Wá Síbi Ìjàkadì

Bí mo tilẹ̀ darúgbó títí tí mo gbàgbé ọ̀nà oko bàbá mi, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí àwọn oníjàkadì Kétu wá bá àwa Ẹ̀gbá lórí iyanrìn etí odò Ògùn. Èmi ni olùkọ́ àwọn oníjàkadì wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé òyìnbó ni, n kò sì gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó mọ̀wé kò ní í ṣàìmọ ìjàkadì. Bí a bá borí, iṣẹ́ náà di tèmi. Bí a bá pàdánù, kí n máa bá síléètì mi lọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, irú ẹ̀rù tí ń mú ènìyàn tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun àárọ̀.

Ṣówándé la gbójú lé. Mo ya àwòrán sórí síléètì láti fi bí yóò ṣe dúró hàn án. Ó wò ó títí.

“Tíṣà, alángbá ni àbí akàn?”

“Ìwọ ni.”

“Mo mà ti rù o.”

Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Ṣówándé kò sí níbi ìjà. Ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ìtòkú, baba ọmọ náà sì ní òun ò lè fi ọmọ fún ẹni tí ń yí nínú iyanrìn, pé irú wọn kì í mọ àgbà. Mo rò ó pé bí baba yìí bá fojú ara rẹ̀ rí agbára Ṣówándé, yóò gbà. Mo lọ pè é, n kò sì sọ fún Ṣówándé, kí ayọ̀ lè bá a lójijì. Èrò náà dùn mọ́ mi débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Nígbà tó di ọjọ́ ìjà, a dá wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá wa lẹ́ẹ̀mejì. Ti Ṣówándé ló kù. Òfin kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí àyà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan iyanrìn ti ṣubú. Ṣówándé gbé ará Kétu náà sókè bí àpò òwú. Ìgbà náà gan-an ni baba ìyàwó dé, ó la àárín èrò kọjá bọ́ síbi àpótí tí mo gbé dè é níwájú. Ṣówándé gbójú sókè, ó rí àna rẹ̀. Ó rọra gbé ará Kétu kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ìrìn o, Baba.”

Ará Kétu ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe. Mo fẹ́ ké pé kó dìde, ṣùgbọ́n baba náà ti kọjú sí mi. Kí ni mo lè ṣe? Èmi náà dọ̀bálẹ̀.

Àgbà kan lẹ́yìn mi ní, “Ó tán. Àna kan ṣoṣo ló dá onígídígbò àti olùkọ́ rẹ̀.”

Baba náà jókòó, ó wò wá nílẹ̀. “Ta ló ní ọmọ yìí ò mọ àgbà?”

“Ẹ̀yin ni, Baba,” ni Ṣówándé dáhùn láti inú iyanrìn.

“Ó dáa. Dìde, kí o wá mú ìyàwó rẹ.”

Àwọn ará Kétu gan-an jó níbi ìgbéyàwó náà. Èmi padà sídìí síléètì. Ẹ̀kọ́ mi ni pé kí ènìyàn má fi ayọ̀ bá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójijì, pàápàá bí ìyá rẹ̀ bá ti kọ́ ọ kí olùkọ́ tó dé. Títí dòní, bí ọmọ Ṣówándé bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ará Kétu kan wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni n óò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ ṣì ń dùn mí díẹ̀.