Odidi Ife Datuk Badaruzaman

Ẹ bá mi kí Datuk Badaruzaman! Ẹlẹ́sẹ̀ oògùn! Ọkùnrin tí bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún! Bí ẹ ò bá sì kí i, ẹ má ṣèyọnu, á kí ara ẹ̀.

Láti ìgbà tó ti Kuala Lumpur padà sí Tanjung Rambai, ìlú ẹ̀ tó wà létí òkun, ni ẹnu ẹ̀ ò ti sinmi. Ó lọ mu tíì, ó sọ góòlù ẹ̀. Ó lọ gẹrun, ó sọ góòlù ẹ̀. Wọ́n ń sin òkú lọ́wọ́, Datuk tẹ̀ sétí lèmọ́mù: "Ẹ ò tíì dáyé nígbà yẹn. Àṣekágbá Ife Etíkun, 1967. Èmi ni o!"

Ife Etíkun yẹn kì í ṣeré ọmọdé. Ẹgbẹ́ ń wọkọ̀ ojú omi wá láti Penang, Medan, Songkhla, àní láti Rangoon. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbá a: ẹ bá pàdánù, ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́, ó dilé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni ẹgbẹ́ Helang ti Tanjung Rambai gba ife ọ̀hún. Omíyalé ti gbé gbogbo ìwé àti fọ́tò wọn lọ. Pátákó kan ló kù lára ògiri: "Helang, 1967."

Pátákó yẹn ni Datuk rí tó fi ń yan bí ọ̀kín. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣí yàrá ìtàn Ife Etíkun lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ akọni 1967 pe pápá. Datuk fẹ́ nǹkan yẹn débi pé ó ti tẹ káàdì tuntun sílẹ̀: "Datuk Badaruzaman, ẹni tó ni Pápá Datuk Badaruzaman."

"Ife náà wá dà, Datuk?" ni alága ẹgbẹ́, Encik Fauzan, bi í. Ọmọ ọdún márùndínlógójì, kí ló fẹ́ mọ̀?

"Ó wà nílé mi. Mò ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

Irọ́ gbuu! Ìlú Ipoh ló sáré lọ, ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ife kan fún òun, ó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀, etí méjì, ó ń dán yinrinyinrin. Nígbà tó délé, ó fi tíì dúdú pa á lára kó lè dà bí ògbólógbòó.

Lọ́jọ́ Fráídè, ó yà lọ́dọ̀ Mak Senah tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú pápá. Leman, ọkọ ìyá yìí tó ti kú, ni aṣọ́lé Helang lọ́dún 1967. Mak Senah ń bu ìyẹ̀fun lọ ní tiẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Datuk, ta ló gbé ife sókè lọ́jọ́ náà?"

"Èmi kẹ̀! Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di etí ẹ̀ méjèèjì mú. Leman ń sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Etí méjèèjì?"

"Ó mà wúwo o!"

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó tún bu ìyẹ̀fun. "Ẹ fi ẹyọ kan kún ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, Datuk. Ẹ máa nílò agbára lọ́la."

Ó dọjọ́ Sátidé. Èrò kún fọ́fọ́. Àlejò pàtàkì ni Khun Prasit, baba ẹni ọgọ́rin ọdún, tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Songkhla nínú àṣekágbá ọjọ́ náà. Ó gbé ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ àyà.

Datuk ṣí aṣọ lórí ife. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Khun Prasit bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wá yí ife náà po.

"Ibo lẹ ti jó o pọ̀?"

"Jó kí ni pọ̀, Baba?"

"Ife náà." Ó tú ẹrù ẹ̀. Ìdajì ife ni! Etí kan, ikùn ìlàjì, ojú ibi tí wọ́n ti fi ayùn là á sí méjì ń hàn kedere. "Ọ̀mì la ta. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹ bá ta ọ̀mì, ẹgbẹ́ méjèèjì ló ni ife, kálukú á tọ́jú ẹ̀ fóṣù mẹ́fà. Ta ló máa kọ́kọ́ mú un? A fà á títí, ọkọ̀ wa ti ń fọn fèrè. Ni Leman bá ní kí wọ́n gbé ayùn wá."

Datuk rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀. "Baba ti darúgbó, ẹ má dá a lóhùn. Tó bá jóòótọ́, ìdajì tiwa dà?"

"Òun rèé."

Mak Senah ló ń bọ̀ láàárín èrò. Ó gbá ohun tó fi ń bu ìyẹ̀fun mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó fi aṣọ nù ún, fàdákà yọ! Ó gbé e ti ti Khun Prasit, wọ́n bára mu rẹ́gí. Àádọ́ta ọdún ó lé ni gbogbo ìlú ti ń jẹun ọwọ́ ife yẹn. Datuk gan-an jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méje lánàá.

"Badar," ni ìyá náà wí. Kò sí oyè Datuk mọ́, kò sí "ẹ" mọ́. "O rántí èso durian mẹ́fà tó o dá jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Inú ṣáláńgá lo wà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Leman gbé omi wá fún ẹ ní ìsinmi ìlàjì. Ilẹ̀ mọ́, o wọ bọ́ọ̀sì lọ Kuala Lumpur. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n gé e?"

"Ṣùgbọ́n mo... mo gbọ́ ariwo!" ni Datuk ké.

Áà! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Encik Fauzan ń fi bébà bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Kí wọ́n tó wá Datuk, ó ti gba ẹ̀yìn lọ.

Pápá Leman ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìdajì ife ti Helang wà nínú gíláàsì. Odidi ti Ipoh ńkọ́? Mak Senah ní kí wọ́n gbé e fóun, ó gba ìyẹ̀fun pípò dáadáa, pàápàá bó ṣe ní etí méjì.

Káàdì Datuk náà ò ṣòfò. Àwọn aláìníìtìjú kan ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣáláńgá tó wà lẹ́yìn pápá, wọ́n sì fi gègé kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ibí ló ti gbá a."